Ẹsẹ̀ Méjèèjì Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Ẹni mẹ́ta ló yẹ kó wá, ẹnì kan péré ló dé. Àwọn méjì yòókù fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ojú ọjọ́ kò dára, bí ẹni pé ìta gbangba ni mo ti ń fọwọ́ ra ènìyàn. Mo ti tẹ́ táwẹ̀lì, mo ti gbé òróró sínú omi gbígbóná, mo wá jókòó, mò ń wo ògiri. Ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá Télọ̀ ń dún níwájú. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo gbà, ọdún kẹfà rèé. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo máa ń mọ iye ṣòkòtò tó rán.

Àtàǹpàkò ọ̀tún tún dùn mí nígbà tí mo fẹ́ ṣí ìgò òróró nílé. Mo fi eyín ṣí i. Màámi rí mi.

Mo bu omi fún wọn kí wọ́n fi lo oògùn ṣúgà wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, Màámi, ọwọ́ mi ti kú." Wọ́n ní kò burú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ rí dókítà nítorí ìka yìí. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó tẹ ìdí rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Ó ní oríkèé ibẹ̀ ti ń gbó, pé kí n fi ọwọ́ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo bi í pé ta ni yóò máa bọ́ èmi àti ìyá mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí mi ò bá sinmi, ìka náà yóò gan, kò sì ní ṣeé ká mọ́ láéláé.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba lè gba ìwé dókítà lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ gbé tèmi lọ fún? Èmi náà ni ọ̀gá, èmi náà ni ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá yìí kò sì láàánú.

Lójú ọ̀nà ilé mo ṣe òfin fún ara mi. Àwọn tí wọ́n kàn ń wá ìsinmi, apá àti ìgbọ̀nwọ́ ni màá máa fi ṣe tiwọn. Àtàǹpàkò wà fún àwọn tí ọrùn wọn kò yí mọ́ nìkan. Nílé, kò sí nǹkan kan. Ilé ni ìka yìí ti máa sinmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù wá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà kí n tó da òróró. Ó ní, "Mádàámù, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sí mi lẹ́sẹ̀." Mo ní kó dákẹ́. Òsì gbóná ju ọ̀tún lọ. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ le, ó sì wú.

Mo ní, "Mi ò ní ra eléyìí. Ẹ wọ ṣòkòtò yín, kí ẹ gba ọsibítù lọ báyìí báyìí."

Inú bí i. Ó ní láti ìlú òkè lọ́hùn-ún ni òun ti ń rò ó pé òun yóò wá na ẹ̀yìn lónìí, èmi wá ń lé òun. Mo ní kó bínú dáadáa, kó ṣáà lọ. Ó lọ. Kò san nǹkan kan, èmi náà kò sì béèrè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọkùnrin kan pè, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Bó ṣe wọlé ló ń wo ilẹ̀kùn, ó béèrè bóyá ó ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti mọ̀. Kò tíì dùbúlẹ̀ tán tó fi béèrè ìgbà tí "ìyókù" máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìyókù wo? Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Mo pe Bàbá Télọ̀. Bàbá wọlé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ńlá lọ́wọ́, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ọ̀gbẹ́ni, wọ́n ní ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ gé kúrú." Ọkùnrin náà gbàgbé bẹ́líìtì rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń sá lọ. Bàbá Télọ̀ ti so ó kọ́ sójú fèrèsé.

Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Mo mọ gbogbo iṣan tó wà lẹ́yìn ènìyàn, láti ọrùn dé ìdí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ohun rere méjì lọ́jọ́ kan. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ìyàwó dírẹ́bà pè mí. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló wà nínú iṣan ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún un ní ọsibítù pé tí ẹnikẹ́ni bá ti ra ibẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ náà ì bá ti gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Obìnrin náà kò lè parí ọ̀rọ̀, ẹkún ló ń sun.

Ìkejì: alábòójútó òtẹ́ẹ̀lì tó wà létí afárá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní yàrá kan tó ṣófo, wọ́n sì fẹ́ ẹni tí yóò máa fọwọ́ ra àwọn àlejò wọn níbẹ̀. Òjò kò lè lé àlejò òtẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà. Àwa mẹ́ta là ń wá iṣẹ́ náà, lára ara rẹ̀ ni obìnrin alábòójútó náà sì ti máa dán wa wò, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ni tèmi. Ìka yìí gbọ́dọ̀ gbé wákàtí kan láìjá mi kulẹ̀.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Inú wọn dùn sí ti dírẹ́bà ju ti òtẹ́ẹ̀lì lọ. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọ mi lójú." Wọ́n wá na ẹsẹ̀ wọn sí mi, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Kó wá wo tèmi náà." Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìdánwò yìí tán ná. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣe é tán, màá tẹ ẹsẹ̀ yín títí ẹ ó fi bẹ̀ mí." Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn padà sábẹ́ ìró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹnì kan ṣoṣo. Òjò.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Màámi ní ẹsẹ̀ àwọn ń tutù. Mo ní gbogbo ènìyàn ni òtútù ń mú lásìkò yìí. Mo ra ìbọ̀sẹ̀ nínípọn mẹ́rin fún wọn nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó wọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbé e lé wọn lórí itan, mo lọ fi ọwọ́ mi sínú omi gbígbóná. Wọ́n fúnra wọn ni wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí mo fi ní ó tó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì gbórí sókè lórí tábìlì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbọ̀nwọ́ nìyẹn àbí ọwọ́?" Mo ní ọ̀nà tuntun ni. Ó ní èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló wu òun. Kò sọ ọjọ́ tó máa padà wá.

Màámi kò béèrè pé kí n tẹ ẹsẹ̀ àwọn mọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ara tù mí, mo sì ń tijú pé ara tù mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Màámi rìn láti ilé ìdáná wá sí yàrá pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Èkejì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná níbẹ̀. Mo ní, "Màámi, bàtà yín kejì dà?" Wọ́n wolẹ̀, ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n wá ní, "Ó ti bínú lọ." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín gan-an.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje

Òróró ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní kí n má wo òun bẹ́ẹ̀, pé òun kọ́ lòun ń ṣe é.

Ìka kò dùn mí láàárọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún léra. Òfin mi ń ṣiṣẹ́. Mo fi ìrọ̀rí dánra wò, ọrùn, èjìká, ẹ̀yìn, ẹsẹ̀. Màámi ń wò mí láti orí àga wọn. Wọ́n ní, "Ìrọ̀rí yẹn ń jẹ ayé o." Mo rẹ́rìn-ín, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ti òní. Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo dé òtẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́wàá. Yàrá náà mọ́, fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò. Alábòójútó dùbúlẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ọ̀tún lọ́wọ́ kan, òsì lọ́wọ́ kan, mo dákẹ́. Ó gbórí sókè.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń wò ó bóyá wọ́n bára mu, Mà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ohun tí ènìyàn kò ní sọ fún mi."

"Àwọn méjì tó ṣáájú yín kò ṣe é."

"Èmi kì í da òróró láìṣe é," mo wí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ mi lẹ́nu bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo fi àtàǹpàkò ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, kò sì dójú tì mí. Nígbà tó dìde ó ní òun kò mọ̀ pé ọrùn òun lè yí dé ibi tó yí dé.

Ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ títí mo fi délé. Màámi wà lórí àga wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ gbé ẹsẹ̀ wá. Òní ni ọjọ́ yín." Wọ́n ní kí n jẹun ná. Mo ní mi ò jẹun. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn. Mo rò pé wọ́n ń ṣàánú mi ni. Mo kúnlẹ̀, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, méjì ni wọ́n wọ̀ lé ara wọn lẹ́sẹ̀ òsì. Mo sì di méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí ọwọ́ mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òsì tutù bí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Mo gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ti dúdú.

Màámi kò wo ẹsẹ̀ náà, ojú mi ni wọ́n ń wò. "Kò dùn mí," wọ́n ní. "Ó ti pẹ́ tí kò ti dùn mí mọ́."

"Màámi, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"O ní ọwọ́ rẹ ń dùn ọ́. O ti ní ìdánwò níwájú. Mo ní kí o ṣe é tán ná."

Mo wá ọkọ̀. A ti dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ náà mọ́. Ó ní ṣúgà ló ti kọ́kọ́ mú kó kú tipiri tí wọn kò fi mọ nǹkan lára rẹ̀. Wọn yóò gé e nísàlẹ̀ orúnkún, kó má baà gòkè.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí yóò ti máa tutù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Tí a bá ti rí i nígbà náà, bóyá à bá rí i gbà. Ṣé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án nílé ni?"

Mo fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì bo Màámi lẹ́sẹ̀. Ó mú ìwé, ó ń béèrè orúkọ, àdírẹ́sì, ìbátan. Ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe.

Mo ní mò ń ránṣọ.

Màámi gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. Mo ti rò pé wọ́n ti sùn. "Irọ́ ni, dókítà," wọ́n ní. "Ó ń fọwọ́ ra ènìyàn ni. Ó gba dírẹ́bà kan là lóṣù tó kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ lójú." Ohùn wọn kò lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n ń yangàn. Dókítà wò mí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n gé e láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Àbúrò mi ọkùnrin pè láti ibi tó ń gbé. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ wà nínú ilé kan náà kò rí i ni?" Mo ní mo ra ìbọ̀sẹ̀ fún wọn. Ó ní kí ni mo wí? Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní ìyàwó òun yóò wá bá wa gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mo ti ka ìwé yìí padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ẹsẹ̀ tó ń tutù, bàtà tó bọ́ tí wọn kò mọ̀. Tó bá jẹ́ oníbàárà ló sọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn fún mi, ǹ bá ti lé e lọ sọ́sibítù kó tó dùbúlẹ̀ tán. Nítorí ìka kan, mo fi ẹsẹ̀ ìyá mi ṣòfò. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bá ara mi gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òtẹ́ẹ̀lì pè. Èmi ni wọ́n mú. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ní dídì tí mo di ẹsẹ̀ òun mú ló jẹ́ kí òun mú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà àbáwọlé ọsibítù ni mo wà, mo fi orí ti ògiri.

Màámi gbọ́, wọ́n ní kí n gbé etí wá. Wọ́n ní, "Mo ti mọ̀ pé wọ́n máa mú ọ." Wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, wọ́n rọra ń fi ìka wọn ra ìdí àtàǹpàkò náà, ibi tó máa ń dùn mí gan-an. Mi ò tíì fi ibẹ̀ hàn wọ́n rí. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bàbá Télọ̀ wá kí Màámi. Ó mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jáde látinú àpò, ó ti rán an bíi fìlà. Ibi tí wọ́n gé ni kí wọ́n máa fi bò. Ó rán mẹ́ta, ó ní kí wọ́n lè máa pààrọ̀. Màámi ní, "Bàbá Télọ̀, orúnkún mi ti di ọ̀dọ́mọkùnrin." Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Bàbá Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró nu ojú rẹ̀ kó tó lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

A ti délé. Òjò dá fún wa. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lábẹ́ àga wọn, mo kó wọn, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ kó wọn sí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo fi Màámi sọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Dírẹ́bà wá. Dókítà rẹ̀ ti ní ó lè gba ìfọwọ́ra padà, ó mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì mú búrẹ́dì ńlá méjì dání fún ìyá mi tí kò rí rí. Ó dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Mádàámù, ẹ wá gbàdúrà yín."

Mo na ọwọ́ mi, kò dé ibẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, mò ń bọ̀. Mo lọ jókòó ti Bàbá Télọ̀ lórí àpótí rẹ̀. Ó gbé òwú lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun ki í bọ ojú abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo padà wọlé, mo sì di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mú. Wọ́n bára mu.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màámi ké sí mi.

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ òsì yìí ń dùn mí."

"Ọ̀tún ni, Màámi?"

"Òsì ni mo wí. Ìka kékeré rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ó lè ṣẹlẹ̀, pé ara kì í tètè gbàgbé. Mo ní, "Màámi, kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ó ń dùn mí náà ni." Wọ́n wo ojú mi díẹ̀. "Bá mi tẹ̀ ẹ́, tí ọwọ́ rẹ kò bá dùn ọ́ lónìí."

Mo lọ gbé òróró sínú omi gbígbóná. Mo fọ ọwọ́ mi, mo kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn mú, mo gbé èkejì lé orí aṣọ bẹ́ẹ̀dì níbi tí òsì ì bá wà. Mo dákẹ́ bí mo ṣe máa ń dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo da òróró, mo fi àtàǹpàkò tẹ aṣọ náà, lápá òde, níbi tí ìka kékeré yóò ti wà.

"Ṣé ibí ni, Màámi?"

"Lọ sísàlẹ̀ díẹ̀."

Mo lọ sísàlẹ̀ díẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn," wọ́n ní, wọ́n sì pa ojú dé. "Ibẹ̀ yẹn gan-an. Má tíì fi í sílẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi sùn lọ. Òróró ti ba aṣọ bẹ́ẹ̀dì jẹ́. Ìka mi kò dùn mí rárá.